"A dúpẹ́" ní Ìbàdàn, "a dúpẹ́" ní Lọ́ńdọ̀nù

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú Oṣù Karùn-ún ọdún 2024, obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Òun ni wọ́n ní kó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mò ń gbé, lè mọ̀ bóyá owó PIP tọ́ sí mi, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí àìsàn tàbí àìpé ara ń dí lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó bi mí pé báwo lara mi lónìí. Mo ní, "Dáadáa ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó ní ṣé mo máa ń dáná. Èmi? Ọmọ Ìbàdàn? Mo ní mo máa ń dáná dáadáa. Ṣé mo máa ń lọ sọ́jà? Bẹ́ẹ̀ ni, ní Sátidé. A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n máa tọ́jú ara mi, ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé obìnrin náà mà ṣèèyàn o.

Nígbà tí àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ dé ní Oṣù Kẹfà, gbogbo ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀. Ó ní ara òun yá. Ó ń dáná. Ó ń lọ sọ́jà. Wọ́n fún mi ní máàkì méjì lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́, mẹ́rin lórí ìrìn. Mẹ́jọ lèèyàn gbọ́dọ̀ ní lápá kọ̀ọ̀kan kó tó gba owó apá náà. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni mo ní. Òkè-Àdó ni wọ́n ti bí mi, àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń pe àìsàn yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ yẹn ṣàlàyé rẹ̀ ju ìwé dókítà lọ: lónìí wọ́n ti ń sunkún lé ẹ lórí, lọ́túnla o ti ń fọ abọ́. Ó ti ba egungun ìbàdí mi ọ̀tún jẹ́, ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Ní ti dídáná tí mo fẹnu sọ yẹn, orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á gbé ìkòkò, á da omi ìrẹsì nù, òun náà ló ń ro àmàlà. Mo máa ń sọ bí iyọ̀ á ṣe pọ̀ tó. Tí a bá ń lọ sọ́jà, láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti sọ̀ wá sílẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù oníṣu, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dúró. Kí ló dé tí mi ò sọ ìyẹn fún un? Torí pé kò bi mí. Àti torí pé wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé.

Ẹni tó wà nílé lè má mọ ohun tó ń jẹ́ PIP. Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án níbí, fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 16 tí kò tíì dàgbà tó ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Kò kàn wọ́n bóyá o níṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí o ò ní. Orúkọ àrùn rẹ pàápàá ò jẹ́ nǹkan kan létí wọn. Ohun tí o kò lè ṣe ni wọ́n ń kà. Wọ́n ní òfin kan tí ì bá gbà mí lọ́jọ́ yẹn ká ní mo mọ̀ ọ́n: a ò gbọ́dọ̀ sọ pé èèyàn lè ṣe nǹkan àyàfi tó bá lè ṣe é láìfarapa, tó lè ṣe é dáadáa, tó tún lè ṣe é léraléra, tí kò sì ní gba ìlọ́po méjì àsìkò tó ń gba ẹlòmíì. Tí àìsàn bá jẹ́ irú tèmi tó ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n á wo ohun tó rí ní ọjọ́ tó ju ìdajì ọdún lọ. Ìdí nìyẹn tí "dáadáa ni" ti ọjọ́ kan fi lè ba ọdún kan jẹ́.

Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ "a dúpẹ́" bíi pé ìròyìn ni. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Gbági nígbà yẹn. Tí kíráísíìsì, ìrora ńlá àìsàn yìí, bá mú mi lóru, tó bá wá di àárọ̀ tí aládùúgbò bi í pé ṣé ara ọmọ le, á ní "a dúpẹ́ o." Aládùúgbò ò ní dá a lóhùn. Á wo ojú rẹ̀, á wo ìró tó ró lódì, á yí padà. Kó tó di ọ̀sán, ìkòkò ẹ̀fọ́ ti dé, ẹnì kan ti gbé àbúrò mi lọ sílé ìwé. Bàbá mi á sá lọ sí kọ́ńpírétíìfù ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ yá owó tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa nílé ìwòsàn kí wọ́n tó fún wa ní bẹ́ẹ̀dì. Kò sí fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí pé mi ò lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra mi.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká purọ́ fúnra wa. Owó àánú ní ojú tó fi ń wo èèyàn. Mo wà nínú yàrá, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, nígbà tí àbúrò bàbá mi kan sọ ní pálọ̀ pé ọmọ tí kò ní pẹ́, kí la fẹ́ fi owó ilé ìwé ńlá ṣe fún un. Òun ló san ìdajì owó ilé ìwòsàn mi lọ́dún yẹn. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí mo lè gbé ẹjọ́ irú ìyẹn lọ, kò sí lẹ́tà tó sọ pé o ní oṣù kan láti fi sọ pé o ò fara mọ́ ọn. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n má ṣe ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni torí àìpé ara. Ó fún àwọn ilé tí aráàlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ó sì ní ká fi ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún àwọn tí ara wọn ò pé. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kò sí owó ọ̀sẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹbí ṣì ni PIP ilé.

Mo padà sọ́dọ̀ lẹ́tà mi. Èèyàn ní oṣù kan láti ní kí wọ́n tún un wò. Mo kọ̀wé ní Oṣù Keje, wọ́n dáhùn ní Oṣù Kẹwàá, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n tó gba sùúrù. Ní gbogbo àsìkò yìí, PIP kì í fún èèyàn ní nǹkan kan láti máa fi rọra jẹ.

Ilé ìdáná ilé ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí díẹ̀ lóòjọ́. Nígbà náà, owó àìsàn tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ san jẹ́ £116.75 lọ́sẹ̀, kò sì sí owó fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ kíráísíìsì á ti rí ẹ̀gbin tó wà níbẹ̀: èyí tó kéré nínú tèmi kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Oògùn náà ní tiẹ̀. Ìwé orúkọ àwọn àrùn tí wọn kì í gba owó oògùn wọn ní England ti wà láti 1968. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde ò sí níbẹ̀. £9.90 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń san, títí mo fi bọ́ sórí Universal Credit, owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó. Universal Credit yẹn náà ní ìdánwò àìsàn tirẹ̀, tí kò mọ PIP rí, tí PIP ò mọ̀ ọ́n rí. Mo tún gba ìwé pé ara mi ò yá lọ́wọ́ GP, dókítà àdúgbò mi, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ mi.

Òtútù ló le jù. Ní Ìbàdàn, òjò nìkan la ń sá fún. Níbí, òtútù ló ń pe kíráísíìsì wá, mítà tí a ń fi owó sí kó tó tan iná ni mo sì ní. Ìṣirò tí mò ń ṣe ní Oṣù Kejìlá nìyí: tí mo bá pa hítà, mo lè dèrò ilé ìwòsàn, tí mo bá tàn án, oúnjẹ ò ní tó. Yàrá kan ṣoṣo la ń gbé, èmi àti ọmọ mi, a wọ súwẹ́tà méjì méjì, ó ń kàwé ìdánwò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ọkùnrin kan ní Citizens Advice, ibi tí wọ́n ti ń fún aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ló jókòó tì mí. Ó kọ àwọn gbèsè mi sórí ìwé: owó ilé, owó kánsù (owó orí tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà), iná àti gáàsì wà lókè, torí àwọn ìyẹn lè lé ẹ jáde tàbí kí wọ́n rán agbẹ́rù, àwọn tó ń kó ẹrù onígbèsè, wá, káàdì àti ilé aṣọ wà nísàlẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa pariwo. Ó bá mi gba ọgọ́ta ọjọ́ tí àwọn tí mo jẹ ní gbèsè ò gbọ́dọ̀ fi yọ mí lẹ́nu, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún 2021. Ó kọ fáúṣà fún food bank, ibi tí wọ́n ti ń fún aláìní ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ìwé báńkì mi, ó fi báírò tọ́ka sí ibì kan. "Kí ni £100 tó ń jáde lóṣooṣù yìí?"

Àjọ ni. Àwa obìnrin méjìlá, ní Thamesmead àti Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ó ní kí n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé gbèsè kánsù lè fa agbẹ́rù, ṣùgbọ́n gbèsè àjọ ń fa pé kí ẹnì kan má kí ẹ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Nínú ìwé tirẹ̀, kò tiẹ̀ sí lórí àwọn gbèsè. Nínú tèmi, òun ló ṣáájú owó ilé. Mo jẹ ẹ̀wà inú agolo láti food bank, mo san àjọ mi.

Àjọ náà ló sì gbà mí. Èmi ni ẹnì kẹsàn-án tó yẹ kó kó. Mo pe ìyá àjọ wa, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè kó ṣáájú? Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé kò sí?" Mo ní kò sí mà. Ó ní ó dáa. Ó bá ẹni kẹta sọ̀rọ̀, ìyẹn fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. £1,200, kò sí máàkì kankan, kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe ń wẹ̀. Ohun tí ọ́fíìsì ò rí nínú ojú ìwé ogójì, obìnrin yẹn rí i nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Àwọn ará ilé ní Ìbàdàn náà ò dúró. £60 ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lóṣooṣù. Ó di £30, ó di "nẹ́tíwọọ̀kì báńkì ń dààmú, mà." Àbúrò mi ń pè nípa owó ìdánwò ọmọ rẹ̀. Mo ní máa rí i ṣe. Nílé, a kì í fẹnu ara ẹni pe àìsàn fún ìyá tó ti dàgbà. Ó bá bi mí pé ṣé ara le, mo ní a dúpẹ́, mà.

Oṣù Karùn-ún 2025 ni ìgbẹ́jọ́ bọ́ sí. Onímọ̀ràn mi ti ní kí n máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Nǹkan tí mo kọ ò ga rárá: "Ọjọ́rú. Ọmọ ló bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀. Mi ò lè jáde nínú báàfù fún ogún ìṣẹ́jú." Èèyàn mẹ́ta ló jókòó níwájú mi: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnì kan tó mọ̀ nípa àìpé ara. Wọ́n gbé omi fún mi. Adájọ́ wò mí, ó ní báwo lara mi láàárọ̀ yìí.

Ahọ́n mi ti ń lọ síbi tó máa ń lọ. Mo fà á padà. Mo ní ara mi ò yá. Mo ní òru àná, mi ò sùn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bíi pé mò ń fẹnu ara mi ṣépè fún ara mi, ó sì ń ti ọmọ mi tó jókòó sẹ́yìn lójú débi tó ń wo ilẹ̀. Dókítà náà bi mí pé láti ìdúró bọ́ọ̀sì dé ibí, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo dúró. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Wọ́n fún mi ní mẹ́jọ lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́, mẹ́wàá lórí ìrìn. £73.90 àti £29.20 lọ́sẹ̀ nìyẹn, £412.40 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sì ní kí wọ́n san án padà láti Oṣù Kejì 2024 tí mo ti béèrè. Nígbà tí owó náà dé, mo san ti kánsù, mo kó owó sínú mítà, mo ra bàtà tuntun fún ọmọ mi.

Lẹ́yìn náà mo pe ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní láti Kérésìmesì lohùn mi ò ti dùn, pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dá owó jọ láti fi ránṣẹ́ sí mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti pé ₦85,000. Ó ní, kí lòun máa wá sọ fún wọn báyìí?