Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú kíkọ ìtàn àwọn ìyá tó ti lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, mo kí yín.

Ẹ ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé báwo ni mo ṣe ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá àgbà kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ á fi kà á tí wọ́n á ní, "Àwọn gan-an rèé." Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín, nítorí mi ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn wọn. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ ojú ewé méjì. Mo ní abiyamọ tòótọ́ ni wọ́n, onínúure, aláàánú, ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run àti èèyàn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo kà á fún ẹbí, àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní ó dára. Àfi ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ, tó rọra sún mọ́ mi lẹ́yìn náà tó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe màmá wa lẹ kọ sílẹ̀ yìí."

Mo ní kó sọ èyí tó jẹ́ màmá wọn fún mi. Ó wọ yàrá lọ, ó mú àpò awò ojú ìyá náà bọ̀. Lábẹ́ awò ojú ni bébà kan wà tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà torí pé ojú ti di bàìbàì, wọ́n sì kọ ọjọ́ ìdánwò ẹnì kọ̀ọ̀kan sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n á fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ní kò sí ọjọ́ ìdánwò tí màmá kì í pè kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kì í pẹ́ lórí fóònù. "Ṣé o ti jí? Mo ti gbàdúrà. Ó yá, lọ wẹ̀." Ó parí nìyẹn.

Orúkọ mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì ní ìlà.

Mo lọ fa ojú ewé méjì tí mo kọ ya. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ohun tí ẹlòmíràn lè kọ nípa ìyá tirẹ̀. Bébà inú àpò awò ojú yẹn, ìyá kan ṣoṣo ló ni ín. Títí dòní, tí mo bá ti kọ gbólóhùn kan tán, mo máa ń bi ara mi pé ṣé a lè gbé e fún ìyá ẹlòmíràn kó sì bá a mu. Tó bá bá a mu, mo máa ń pa á rẹ́.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí yé púpọ̀, Anna Jarvis lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ann Reeves Jarvis, kú lọ́dún 1905. Ojú ìyá yẹn ti rí màbo: nínú gbogbo ọmọ tó bí, mẹ́rin péré ló dàgbà, òun ló sì kó àwọn abiyamọ jọ láti máa kọ́ ara wọn ní ìmọ́tótó kí ikú ọmọdé lè dín kù. Nígbà tí Anna ṣètò ìsìn ìrántí ní Grafton, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, lóṣù Karùn-ún ọdún 1908, ó fi 500 òdòdó carnation funfun ránṣẹ́ síbẹ̀ nítorí pé òdòdó tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn nìyẹn. Lọ́dún 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí Ọjọ́ Ìyá fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àmọ́ ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé Anna ò gbà kí wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ náà bíi pé ti àwọn ìyá lápapọ̀ ni. Ó ní ti ìyá kan ṣoṣo ni, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan lè bọlá fún ìyá tiwọn. Nígbà tí àwọn oníṣòwò sì sọ ọjọ́ náà di ọjà, ó bá wọn jà gidigidi.

Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó ti ẹbí kan, ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni màmá. "Èèyàn dáadáa ni" lẹ máa gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ni màmá máa ń sọ tí ọmọ bá ṣubú. Orin wo ni wọ́n ń kọ tí wọ́n bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́? Ibo ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí? Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì bá àwọn ọmọ-ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ìyá tó na ọmọ rẹ̀ nítorí abọ́ tó fọ́, òun náà ni ìyá àgbà tó ń fara bo ọmọ-ọmọ tó fọ́ abọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè fẹ́ bá ara wọn jà lórí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ wádìí ìgbà tí wọn ò tíì bímọ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ló dùn mí jù, torí mi ò bi màmá tèmi rí. Lẹ́yìn ìsìnkú wọn ni ọ̀rẹ́ wọn kan sọ fún mi pé màmá mi mọ eré sá, pé nílé ẹ̀kọ́ wọn, kò sí ọmọkùnrin tó lè lé wọn bá. Ọdún 38 ni mo fi jẹ́ ọmọ wọn. Mi ò fìgbà kan rí i kí wọ́n sáré.

Bí ìyá yín tàbí ìyá yín àgbà bá ṣì wà láyé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti ṣàkíyèsí pé tí àgbàlagbà bá ń rántí ayé rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10 títí dé 30 ló máa ń pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Èmi pààrọ̀ fóònù láì kó ohùn tí màmá mi fi ránṣẹ́ sí mi kúrò lórí ti àtijọ́. Ohùn ọdún mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, ibi mẹ́ta ni mo máa ń tọ́jú ohùn àti fọ́tò sí, ọ̀kan nínú rẹ̀ á sì wà nílé ẹlòmíràn. Tí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, torí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp máa ń fún un pọ̀, ohun tó bá sì ti sọnù nínú rẹ̀ kì í padà. Ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́, pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ má lo bírò.

Ẹbí ìyá àkọ́kọ́ yẹn fẹ́ lọ láámínéètì bébà inú àpò awò ojú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ooru ẹ̀rọ náà àti ọ̀rá tó máa lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣeé yọ mọ́. Inú àpòòwé lásán ni kí wọ́n fi sí, níbi tí oòrùn ò ti ní í pa á. Wọ́n gbà. Nígbà tí mo tún rí bébà náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlà ti wà lórí orúkọ mẹ́ta tó kù. Àwọn ìlà tuntun náà tinrín ju ti màmá lọ. Mo bi ọmọbìnrin yẹn, ó ní òun lòun fà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti gbọ̀ngàn ìdánwò jáde.