Táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn: Ìkòròdú àti Ìlú Ọba

Ní Ìlú Ọba níbí, ẹ ó kàn tẹ nọ́ńbà ara mọ́tò yín sórí ìkànnì ilé ìtajà táyà ni, ìwọ̀n tó bá a mu á sì jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé táyà méjì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra síwájú tàbí sẹ́yìn, MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, á mú un. Táyà méjì iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni méjì ẹ̀yìn, eyín wọn kò sì gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 1.6. Táyà kan ṣoṣo tó bá jẹ kọjá bẹ́ẹ̀ lè fa owó ìtanràn tó tó £2,500 àti póńtì 3 sórí láísẹ́ńsì awakọ̀.

Ní Ìkòròdú, láti Ògólóńtò dé Sábó, ìdí fọkanáísà ni wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà àti owó tó wà lápò ló sì sábà ń borí. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà tó wà lára táyà kò ní gba ohun tí kò yẹ mọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Camry Big Daddy ṣe àpẹẹrẹ. 205/65R15 ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. 205 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn mìlímítà 133. 15 ni rìmù ní íǹṣì, tó jẹ́ mìlímítà 381. Ẹ ṣírò ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi rìmù kún un, gíga táyà láti ilẹ̀ dé òkè á jẹ́ nǹkan bíi 647.

Táyà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ fọkanáísà ni 195/65R15, nítorí Corolla pọ̀ nígboro. Ó wọ rìmù Camry dáadáa, kódà ẹ lè má mọ̀ pé nǹkan yàtọ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ 634, ó fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Ohun tó burú jù ni agbára ẹrù. Nọ́ńbà 94 tó sábà wà lẹ́yìn 205/65R15 ń gbé kílò 670, 91 tó sábà wà lẹ́yìn 195/65R15 ń gbé 615. Kílò 55 ti dínkù lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lórí mọ́tò tó ń gbé èèyàn márùn-ún àti àpò ìrẹsì méjì lọ sí Ìtóìkín.

Bí iwájú bá yàtọ̀ sí ẹ̀yìn díẹ̀, mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ iwájú nìkan á ṣì máa rìn, àmọ́ iná ABS, ètò tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ há bí ẹ bá tẹ bíréèkì, lè tàn, torí pé bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára yí ni ABS fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀tún bá yàtọ̀ sí òsì ló le jù: mọ́tò á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, jíà tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ méjèèjì kò sì ní sinmi. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í fara da ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ń fi táyà gíga sẹ́yìn kí ìdí mọ́tò lè sókè. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: 205/70R15 ga ju 205/65R15 lọ ní mìlímítà 20, ìdajì rẹ̀ ló sì gbé mọ́tò sókè, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan péré. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ ni ẹ pààrọ̀, kì í ṣe táyà.

Nígbà tí owó táyà méjì péré bá wà, níbo ni tuntun ń lọ? Ní Ìkòròdú, iwájú ni wọ́n máa ń sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì àti sítíárìn wà. Àwọn onítáyà níbí á ní ẹ̀yìn, wọ́n sì tọ̀nà. Nínú òjò, bí táyà iwájú bá léfòó lórí omi, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára sítíárìn, ẹ ó sì rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù. Bí tẹ̀yìn bá léfòó, ìdí mọ́tò á ti yí kí ẹ tó mọ̀. Kí iwájú má baà jẹ ju ẹ̀yìn lọ, ẹ máa pààrọ̀ wọn síra wọn ní gbogbo kìlómítà 8,000 sí 10,000.

BMW àtijọ́ yàtọ̀ díẹ̀. E46, ọ̀kan nínú ẹ̀yà BMW 3 Series, nígbà míì máa ń gbé 225/45R17 síwájú, 245/40R17 sẹ́yìn. Lójú ọ̀nà Ìlú Ọba ó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibí náà ní kòtò. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ 225/45R17 jẹ́ mìlímítà 101 péré, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 98. Gálọ́ọ̀pù kan lójú ọ̀nà Ṣágámù lè tẹ rìmù náà tàbí kó já okùn inú táyà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú. Táyà tó bá wú kò ní àtúnṣe. Fún Ìkòròdú, 205/55R16 lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dáa: gíga rẹ̀ jẹ́ 632, ó sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀, táyà àfikún kan á wọ ibi gbogbo, ẹ sì lè pààrọ̀ iwájú sí ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ gbé rìmù 16 wọ̀ ọ́ láìsí táyà, kí ẹ rí i pé kò kan bíréèkì.

Níbí, òfin gba kí wọ́n ta táyà àlòkù bí eyín rẹ̀ bá tó mìlímítà 2, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé àlòkù ni. Nàìjíríà ti fòfin de kíkó táyà àlòkù mọ́tò kéékèèké wọlé, síbẹ̀ tókunbọ̀ kún ẹ̀bá títì. Bí ẹ bá rí àwòrán òkè tó ní yìnyín láàárín lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, oòrùn Ìkòròdú á jẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú DOT, ìyẹn àmì ara táyà tó ń fi ìgbà tí wọ́n ṣe é hàn: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ọdún 4 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdára ọjà ní Nàìjíríà, fún táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ìwọ̀n tó wà lára sítíkà férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe psi 45 tí fọkanáísà bá fẹ́. Níbí, tí òtútù bá mú, táyà á sọ̀ ní psi 3 tàbí 4. Ní Ìkòròdú, oòrùn ló ń gbé e sókè, nítorí náà àárọ̀ kí mọ́tò tó rìn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má sì tú afẹ́fẹ́ dànù lọ́sàn-án.

Bí ẹ bá ń fi owó táyà ránṣẹ́ sí bàbá yín nílé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà náà, kí ìwọ̀n, nọ́ńbà ẹrù àti DOT hàn, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.