Ọkọ́ Ni Bàbá Ń Tà, Sáìtì Ní Ọkọ Ni

Bàbá alágbẹ̀dẹ kan wà ní Kábà, lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ń gbà bọ̀ láti Ọ̀bájànà. Ó fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Ìsánlú, Mópà àti Ìyàrá máa rí ọjà òun lórí fóònù. Ó ní ká bá òun ṣe sáìtì kan. Iṣẹ́ náà kò le rárá. Ojú ewé mẹ́ta péré ni: ojú ìwọlé, ọjà, àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí i. Àwòrán mẹ́jọ, nọ́ńbà WhatsApp kan. Irú èyí ò nílò ẹni tó máa jókòó kọ kóòdù. Irinṣẹ́ ìkọ́sáìtì tí wọ́n ń yáni lóṣooṣù ti tó o: ẹ ó mú àwòṣe kan, ẹ ó fi ìka wọ́ àpótí ọ̀rọ̀ síbi tó yẹ, ẹ ó kọ̀wé sínú rẹ̀, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé e síta, ó bùṣe. Ọ̀sán ọjọ́ kan la fi parí rẹ̀, iná ò sì lọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ohun tí a kọ sójú ìwọlé nìyí:

"Ọkọ́ tó dára wà níbí. Ọkọ́ wa kì í tètè dípẹtà. Bí ọkọ́ rẹ bá ti kúnu, gbé e wá, a ó bá ọ pọ́n ọn. Ra ọkọ́ mẹ́ta, gba ẹ̀dínwó."

Ohun tí aráyé rí lórí fóònù wọn sì nìyí:

"Ọkọ tó dára wà níbí. Ọkọ wa kì í tètè dípẹtà. Bí ọkọ rẹ bá ti kúnu, gbé e wá, a ó bá ọ pọn ọn. Ra ọkọ mẹta, gba ẹdínwó."

Kò pẹ́ tí WhatsApp fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọṣẹ́ Bàbá ló ń kà á jáde, torí Bàbá kì í wo fóònù lẹ́nu iṣẹ́ iná. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "E kaaro sa. Oko te e ni yen, se o ti niyawo nile?" Èkejì ò tiẹ̀ bèèrè ìyàwó: "Se e le ko meteeta papo ki n wo won?" Ẹ̀kẹta ló pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù lẹ́rìn-ín: "Oko temi ti kunu loooto, sugbon ta lo fe pon on? O ju aadorun-un kilo lo o."

Bàbá ju òòlù sílẹ̀, ó pe obìnrin ẹ̀kẹta yìí padà. "Ọkọ́ ni o, ìyá. Ọkọ́! Èyí tí wọ́n fi ń kọ ebè." Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n bá òun fi méjì sílẹ̀ di ọjọ́ ọjà. Ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ ti yé ara wọn. Ẹnu kì í já àmì sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń já a, àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ò sì mọ̀ pé nǹkan kan já.

Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ tó jáde síta yẹn dáadáa. Àmì "dára" pé. Àmì "níbí" pé, ti "tètè" náà pé. Orí ọ àti ẹ nìkan ni àmì ohùn ti pòórá. Ẹni tó bá ti rí èyí ti mọ ìdí àìsàn náà. Gbogbo lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode. Lẹ́tà á ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E1. Lẹ́tà ọ náà ní tirẹ̀, U+1ECD. Ṣùgbọ́n ọ́ ò ní nọ́ńbà kankan. Lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà kà á sí: ọ, lẹ́yìn náà àmì òkè tó dá dúró, U+0301, tó kàn ń gun ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀, ẹ́ àti ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni U+0300.

Báwo ni ọ ṣe wá rí nọ́ńbà tirẹ̀? Èdè Vietnam ló gbà á fún wa. Wọ́n ń lo ọ àti ẹ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n àmì abẹ́ yẹn gan-an ni àmì ohùn tiwọn, nítorí náà wọn ò ní ìdí láti tún gbé àmì ohùn mìíràn gùn ún. Àwa ní tiwa, àmì abẹ́ ń sọ irú fáwẹ́lì, àmì orí ń sọ ohùn, a sì nílò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Irinṣẹ́ ìkọ́sáìtì yìí wá ní asẹ́ kan. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì ìgbéjáde, ó máa ń sẹ́ ọ̀rọ̀ inú àpótí àkọlé kó tó fi í pamọ́, kí èèyàn má baà kó pàǹtírí wọlé láti inú Word tàbí WhatsApp. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ asẹ́ náà ka gbogbo àmì tó dá dúró sí pàǹtírí. A tilẹ̀ ní láti dúpẹ́. Àwọn kíbọọ̀dù kan wà tó máa ń kọ ọ gẹ́gẹ́ bí o lásán pẹ̀lú àmì abẹ́ tó dá dúró, U+0323. Ká ní irú rẹ̀ la lò, àmì abẹ́ ìbá bá tòkè lọ, ohun tí Bàbá ń tà ìbá sì di oko, tàbí ohun mìíràn tí a ò ní kọ síbí.

Líǹkì ojú ewé ọjà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí a fún un ni "ọkọ́-tó-dára". Ó sọ ọ́ di "k-t-d-ra". Ẹ fi ọwọ́ kọ orúkọ ojú ewé fúnra yín láìsí àmì kankan, nínú àpótí tó wà fún líǹkì, kó tó di pé ó bá yín kọ ọ́. Bí irinṣẹ́ mìíràn bá tiẹ̀ gba àmì náà, ìgbà tí ẹ bá fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọ kan ṣoṣo á di %E1%BB%8D, líǹkì á gùn bí okùn ìdì igi, kò sí ẹni tó máa fọkàn tán an.

A fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ náà. Ó wá kan àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn.

Róbọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọṣẹ́ Bàbá kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílé: "Òkun o." Róbọ́ọ̀tì fèsì pé inú òun dùn láti ṣèrànwọ́ lórí ọ̀rọ̀ òkun, ó sì fi àwòṣe mẹ́rin ránṣẹ́ fún àwọn tó ní ilé ìtura etíkun. Láti Kábà, omi tó tóbi jù tó sún mọ́ wa ni ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ọmọ náà wò wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sọ fún un pé a ò ní etíkun?"

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, èèyàn gidi dé. Ó ní ká pa cache rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo. Fóònù máa ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ ojú ewé, ilé-iṣẹ́ onísáìtì náà sì máa ń tọ́jú ẹ̀dà sórí àwọn sáfà tirẹ̀ káàkiri, kí ojú ewé lè tètè ṣí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá cache ló fà á, ẹ má wulẹ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ fi ?v=2 sí ìparí líǹkì náà, kí ẹ ṣí i. Ọ̀pọ̀ sáìtì á rò pé ojú ewé tuntun lẹ ń bèèrè, wọ́n á mú ẹ̀dà tuntun wá. A ṣe é. Ọkọ ṣì ni Bàbá ń tà.

Ẹlòmíràn tún dé, ó ní lójú tòun, gbogbo rẹ̀ dára. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ojú ibi iṣẹ́ ló wò, níbi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀, kò wo ojú ewé tó wà níta. Lójú ibi iṣẹ́, asẹ́ ò tíì ṣiṣẹ́, àmì ṣì wà lórí ọkọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tó bá jáde síta ló ń ṣí fìlà. Ó pa tíkẹ́ẹ̀tì dé, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tí a fi sùn wọ́n, ó ní ká fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún.

A tún un ṣí. Ẹni tuntun gbà á, ó ní ká pa cache rẹ́. Aago méjì òru ni èsì wọn máa ń wọlé, wọ́n á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí àwọn ò bá gbúròó wa láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, àwọn á kà á sí pé ó ti yanjú. Ẹni tó mọ bí iná ṣe rí níhìn-ín mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì á ti kú kí fóònù tó gba iná.

Irú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lè tètè pa ni èyí tó ti dáhùn cache àti fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) kí wọ́n tó ráyè dárúkọ wọn. Ẹ ṣí ojú ewé tó wà níta lórí fóònù tí ẹ ò fi wọlé sí àkáǹtì rí. Ẹ kọ́pì ọ̀rọ̀ tó ṣòfò náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú WhatsApp. Bí àmì bá padà yọ níbẹ̀, fọ́ǹtì ni ò ní ibi tó máa gbé e sí, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì. Noto Sans àti Gentium máa ń gbé àmì wa dáadáa. (Bó bá jẹ́ ṣ nìkan ló sanra ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, fọ́ǹtì náà ni. Vietnam ò lo ṣ, nítorí náà fọ́ǹtì tó ní ọ lè má ní in, fóònù á wá lọ yá a níbòmíràn.) Bí àmì ò bá yọ nínú WhatsApp, ó ti já kúrò nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, fọ́ǹtì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lórí Chrome, ẹ tún lè kọ view-source: síwájú líǹkì, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà nínú kóòdù ojú ewé. Ẹ ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ líǹkì ojú ewé, aago tí ẹ gbé e síta pẹ̀lú UTC+1 (aago Nàìjíríà), ohun tí ẹ kọ, ohun tó jáde, àti nọ́ńbà lẹ́tà méjèèjì: U+1ECD wà, U+0301 ti lọ. Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yìí ló máa ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́wọ́ ẹni cache dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ kóòdù.

Kó tó débẹ̀, Bàbá ò lè máa ta ọkọ. Àpótí kan wà nínú irinṣẹ́ náà fún ẹni tó fẹ́ fi kóòdù HTML sí i fúnra rẹ̀, asẹ́ ò sì débẹ̀. A kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí: ọkọ́ tí 769 jẹ́ nọ́ńbà àmì òkè, 768 sì jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ó jáde bó ṣe yẹ. Àkọlé tí Google ń gbé hàn nìkan ni kò gba irú èyí, a sì pààrọ̀ rẹ̀ sí "Àdá, àáké". Ẹ wò ó fínnífínní, kò sí ọ tàbí ẹ nínú rẹ̀. Bàbá ní òun ò mọ̀ pé ọjọ́ kan á dé tí òun á máa yan ọjà nítorí lẹ́tà.

Ó fẹ́ ká kó kúrò lọ́dọ̀ wọn pátápátá. Ó yá wa lára, àmọ́ ọwọ́ àwọn onísáìtì yìí kan náà ni wọ́n ti ra orúkọ sáìtì, torí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni lọ́dún àkọ́kọ́. Orúkọ .com tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kì í sábà ṣeé gbé lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn kí 60 ọjọ́ tó pé. Ẹ ra orúkọ yín níbòmíràn, lórúkọ ara yín, kí ẹ kàn nawọ́ rẹ̀ sí sáìtì nípa A record tàbí CNAME, ìyẹn ìlà ètò tó ń sọ ibi tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ẹ sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú sáìtì sínú fáìlì kan nílé, torí púpọ̀ nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí ò ní bọ́tìnnì tí ẹ lè fi kó ẹrù yín jáde bó ṣe wà. Ọ̀fẹ́ wọn wọ́n púpọ̀.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, tíkẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ kóòdù. Èsì rẹ̀ gùn, ó sì yááyì. Ó ní àwọn ti wádìí U+1ECD tí a kọ ránṣẹ́, àwọn ti rí i pé lẹ́tà èdè Vietnam ni, sáìtì wa ò sì yan èdè kankan, àwọn sì ti bá wa yàn án. Ó ti yanjú. Ìràwọ̀ márùn-ún.

A sáré ṣí sáìtì. Yoruba ò sí nínú àwọn èdè tí wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ "yo" ni kóòdù rẹ̀, ọjọ́ pẹ́ tó ti wà. Ọkọ ṣì wà nínú àpótí àkọlé láìsí àmì. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo bọ́tìnnì ti di èdè Vietnam. Lábẹ́ àwòrán ọkọ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti rà á, wọ́n kọ ọ́ gàgàrà pé: "Thêm vào giỏ hàng."

Kí a tó rí àyè yí i padà, ọ̀gbẹ́ni kan láti Mópà ti tẹ bọ́tìnnì náà, ó ra ọkọ́ méjì, ó sì ti sanwó. Bàbá pè é láti tọrọ àforíjì, ó bi í léèrè bó ṣe rí ọ̀rọ̀ ojú bọ́tìnnì yẹn kà.

Ó ní òun ò kà á, òun rò pé èdè Bùnú ni.