Ọwọ́ ta nìyí?

"Ọwọ́ ta ni ọmọ yìí wá yà sí mi lára?"

Èmi kọ́ ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, èmi ń ṣa ewédú ní kíṣìnì. Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín. Aago méjìlá òru ti kọjá báyìí tí mò ń kọ èyí, mi ò tíì sùn.

Ojú ìwé kẹrin nínú ìwé ìtàn aláwòrán tí mò ń yà ni wọ́n ṣí sílẹ̀, ti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, 1987. Bàbá gbé rímù pépà méjì dání, èmi ọmọ ọdún mẹ́fà wà lábẹ́ tábìlì, mò ń ṣa pépà tí wọ́n gé kù. Lóòótọ́, mo ya ọwọ́ wọn tóbi ju orí mi lọ. Bó ṣe rí nìyẹn! Tí wọ́n bá fi kẹrosíìnì fọ yíǹkì kúrò lọ́wọ́ tán, tí wọ́n wá gbá mi lórí mú, òkùnkùn ni mo máa ń rí, òkùnkùn tó ń rùn kẹrosíìnì.

Àbí orí tèmi ló kéré ni.

Ọjọ́ òní ò ní ìtàn. Ilé ìwòsàn ojú láti aago mẹ́fà àárọ̀, aago kan ọ̀sán la tó rí dókítà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Fadéyì.

Inú kọ́kọ́ bí mi, kí n má parọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ya ojú ìwé mẹ́sàn-án péré, ọwọ́ ni wọ́n rí. Rárá, kì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ìgbà tí olùkọ́ bá fagi lé ohun tó dá ọ lójú. Ta ló máa mọ ọwọ́ wọn jù wọ́n lọ? Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ni ọwọ́ ló mọ bó ṣe tóbi tó, àbí ẹni tí wọ́n ń fi wẹ̀...

Ìwé ìròyìn Atọ́ka ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé Yorùbá. Ẹ̀yin ọmọ àná ò mọ̀ ọ́n: fọ́tò ni, kì í ṣe yíyà. Àwọn òṣèré tíátà á dúró bí ẹni tó ń jà, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Ìlúpéjú níbí ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Bàbá á yí ohùn padà di ti ìyá ọkọ, wọ́n á tún sọ ọ́ di ti babaláwo. Ní ti Ikebe Super, ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ àwọn àgbà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyẹn ń gbé. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Papa Ajasco.

Fọ́tò kì í bá wọn fi kún ọwọ́ ẹni. Mo tú àpótí. Ẹyọ kan ló kù nínú ti ọdún yẹn, níbi ìsọmọlórúkọ kan, Bàbá dúró gbọnin, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lábẹ́ agbádá. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Lálẹ́, mo bá wọn gé èékánná. Ọwọ́ náà fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Nígbà kan, àwọn ló ń fi bíléèdì gé tèmi lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sì gbọdọ̀ mira. Àwọn náà ò mira. Mo wá rí àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò òsì, ibi tí ẹ̀rọ ti gé wọn. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mi ò yà á.

Ṣé òun ni wọ́n ń wá? Mo fẹ́ bi wọ́n, àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

"Àṣàkẹ́, èmi ò jáde láìdé fìlà rí o. Ìwọ wá ya orí mi lásán."

Mo ti ya fìlà. Abetí ajá, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Mo pa ọwọ́ rẹ́, mo tún un yà ní kékeré, ó wá hàn pé wọn ò lè gbé rímù méjì mọ́. Mo dá a padà bó ṣe wà. Mo fi bírò tín-ín-rín ya àpá náà sí i.

Wọ́n ti mú iná dé, ẹ jẹ́ n lọ fa omi kí wọ́n tó tún mú un lọ.