Kò tíì sẹ́ni tó bi í rí

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS3 wá bá mi. "Jọ̀ọ́, bá wa wá yunifásítì kan ní Jámánì. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni."

Kí n tó tan kọ̀ǹpútà, mo bi ọmọ náà pé kí ló fẹ́ kọ́. Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. "Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko ni, Àǹtí. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn.

Ibẹ̀ la ti wá bẹ̀rẹ̀. A rí Hohenheim ní Stuttgart, ilé ẹ̀kọ́ tó lókìkí nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Àmọ́ ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ló wà, wọ́n sì ń gba €1,500 ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì yòókù kì í gbowó ilé ìwé, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ilé ńkọ́? Nítorí físà, €11,904 ló sábà gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún ọdún kan. €992 ni ọmọ á máa rí gbà níbẹ̀ lóṣooṣù. Èsì WAEC nìkan kì í sì í sábà tó: ọdún ìgbaradì kan wà tí wọ́n ń pè ní Studienkolleg. Èdè Jámánì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni jù.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ọmọ náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó lọ béèrè nípa kíláàsì èdè Jámánì ní Goethe-Institut l'Ékòó. Láàárọ̀ yìí ló pè mí: "Guten Tag, Àǹtí!"