Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa wíwá owó ìwádìí oògùn olóró pẹ̀lú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ń wá owó fún ìwádìí lórí ọtí àti oògùn olóró láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀yà náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ wọn ló máa ń pẹ́ jù: bí wọ́n bá ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ọ̀rọ̀ ti kún ìpàdé náà, ó di oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ń fura sí yín, wọ́n jàre. Lẹ́yìn ìwádìí ọtí tí wọ́n ṣe ní Barrow, ìlú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní Alaska, lọ́dún 1979, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti tú èsì rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, odindi ìlú sì di ìlú ọ̀mùtí lójú ayé. Ẹ̀yà Havasupai ní Arizona fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí àtọ̀gbẹ, àwọn olùwádìí lò ó fún nǹkan mìíràn, ni ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́. 700,000 dọ́là ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà lọ́dún 2010.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó wọlé: ta ló ni dátà, ibo ni yóò wà, ta ló gbọ́dọ̀ ka èsì kí ó tó jáde, ṣé a ó dárúkọ ìlú àbí a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà kéékèèké. Nínú ìlú kékeré, bí ẹ bá kọ "obìnrin 3 tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún", ẹ ti dárúkọ wọn tán. Àṣẹ yunifásítì nìkan kò sì tó. Ẹ̀yà Navajo, fún àpẹẹrẹ, ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń yẹ ìwádìí wò.

Lójú tèmi, ẹ̀yà náà ni kí owó wọ ọwọ́ rẹ̀, kí yunifásítì gba ìpín lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó di owó mú ló ń pinnu ìbéèrè. Bí NARCH, ètò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń fún àwọn ẹ̀yà lówó ìwádìí ìlera, ṣe ń ṣe é láti ọdún 2000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìforúkọsílẹ̀ wọn wò lórí SAM.gov, ìkànnì tí ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ sí, ní oṣù méjì ṣáájú: ọdọọdún ló ń kú, ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù sì lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ fi owó àwọn àgbà tó ń gbani nímọ̀ràn, epo mọ́tò àti owó oṣù ọmọ ìlú tó ń darí iṣẹ́ sí i. Ti oúnjẹ ìpàdé, ẹ bi òṣìṣẹ́ àjọ tó ń fúnni lówó kí ẹ tó kọ ọ́, torí owó ìjọba máa ń le lórí oúnjẹ. Kí ẹ sì fi oṣù mẹ́fà ìparí sílẹ̀ fún gbígbé èsì padà fún ará ìlú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ gé owó.