Kí Ẹ Tó Ra Páàtì Kankan, Ẹ Wọn Ṣasí Ná: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lábẹ́ Hilux

Ẹni tó bá ń fi Hilux kó kòkó jáde láti àwọn ahéré ẹ̀yìn Ìdànrè mọ̀ pé àpáta ló ni ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ kàn ń tọrọ àyè kọjá ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta àti gbòǹgbò igi á yọrí síta. Nígbà òjò, àgbàrá á gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò, ẹrẹ̀ á sì bo kòtò náà títí ẹ ó fi já sínú rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Látìgbà tí mo ti ń wakọ̀ lọ́nà oko, tí mo sì ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì mi, ohun kan ni mo rí tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn jù: wọ́n ń pààrọ̀ ohun tí ojú rí, wọn kì í wá ibi tí agbára ìkọlù náà gbà lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Àpáta gbá lower arm iwájú lápá òsì, apá irin tó so táyà mọ́ ṣasí (egungun irin tó ru gbogbo ọkọ̀). Ball joint, oríkèé tó wà ní òpin rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, ball joint ti lọ o," ẹ sì ra tuntun. Kò pẹ́, táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní tie rod ni, irin tí steering fi ń yí táyà. Ẹ ra ìyẹn náà. Táyà ṣì ń jẹ. Bí àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ fún mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ etí irin tí wọ́n fi de lower arm mọ́ ṣasí ló ti yẹ̀. Kò sí páàtì tuntun tó lè tún ìyẹn ṣe. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi kọ́bọ̀ ra nǹkan kan kí n tó wọn ṣasí.

Fífọ̀ ló ṣáájú wíwọ̀n ṣá o. Ilẹ̀ pupa wa yìí, bó bá gbẹ mọ́ irin, ó lè bo ojú ibi tó ti sán pátápátá. Ẹ fi omi tó lágbára àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibi tó bá sán máa ń fi ìlà ìpẹtà tín-ín-rín hàn lójú ọ̀dà. Ibi tí irin bá ti ń dán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nù ún, nǹkan méjì ló ń ha ara wọn níbẹ̀. Bí etí orí bóòtì bá ń dán, bóòtì náà ti ń mì. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó. Ẹ gbé e lé irin ìdúró tó lágbára, ẹ dí táyà tó kù kó má lè yí, bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ ni, ẹ tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ jáàkì.

Wíwọ̀n ṣasí kò gba ẹ̀rọ ńlá. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, okùn, irin kékeré, ẹfun àti téépù ti tó. Ṣasí Hilux dá dúró lábẹ́ ara ọkọ̀, irin gígùn méjì tí àwọn irin ìdábùú so pọ̀, àwọn ihò tí ilé iṣẹ́ lu sí apá òsì sì ní ẹlẹgbẹ́ wọn lápá ọ̀tún. Ẹ so irin mọ́ okùn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti àárín ihò délẹ̀, ẹ fi ẹfun sàmì síbi tó tọ́ka sí. Ẹ ṣe é níwájú lápá méjèèjì, ẹ ṣe é lẹ́yìn bákan náà. Lẹ́yìn náà ẹ ti ọkọ̀ kúrò, ẹ wá wọ̀n láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún, àti láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ mìlímítà díẹ̀, ọwọ́ tó di téépù lè fà á, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ṣasí ni kí ẹ lọ, ẹ má tíì lọ sí ọjà. Ẹ tún wọn apá iwájú lọ́tọ̀, láti etí lower arm kan sí ìkejì, nítorí gbogbo ṣasí lè dọ́gba kí ibi kékeré yẹn nìkan ti yẹ̀.

Bí ìyẹn bá dára, ó wá kan ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ lower arm fúnra rẹ̀, kí agbára sípírínì kúrò lórí ball joint. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín: bó bá mì, ball joint ni, tàbí bearing tí táyà fi ń yí. Ẹ di í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì: bó bá mì, ẹ wo tie rod. Kí ẹnì kan máa mì ín, kí ẹlòmíràn máa wo ibi tó ti ń mì gan-an. Tie rod tàbí lower arm tó bá tẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná nà án fún yín. Irin tí iná ti rọ̀ á tún tẹ̀, èyí tó bá sì jẹ́ ti steering lè kán lórí eré. Tí mo bá dé Àràròmí ní Agodi Gate, n'Íbàdàn, tàbí Ládìípọ̀ l'Ékòó, lower arm tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó wù mí ju tuntun tí n kò mọ ibi tó ti wá, bí mo bá ti gbé e lé ibi tó tẹ́jú tí mo rí i pé kò tẹ̀. Ball joint ní tirẹ̀, tuntun ni mo máa ń rà.

Bóòtì tó de lower arm wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kó dojú kọ ibi tó yẹ. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí bó ṣe dúró kí ẹ tó tú u. Bí ẹ bá sì ń dá a padà, ẹ má fà á le nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ lókè. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì wa fi sọ́kàn jù. Bóòtì yẹn gba àárín búṣì kọjá, rọ́bà inú búṣì náà kì í sì í yí. Lílọ́ ló máa ń lọ́. Bí ẹ bá fà á le nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, tí ọkọ̀ wá gúnlẹ̀, rọ́bà ti lọ́ kó tó gbéra rárá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya. Ẹ kọ́kọ́ dè é wẹ́rẹ́, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, ẹ mì ín sókè sódò, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fà á le. Ọ̀pọ̀ búṣì tí wọ́n ń pè ní ayédèrú, bí wọ́n ṣe dè é ló pa á.

Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, sípírínì eléwé, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, ni Hilux ń lò. Bóòtì kan wà láàárín rẹ̀, centre bolt, tó ń di àwọn ewé náà pọ̀ tó sì ń mú axle, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, dúró sójú kan. Bí U-bolt, irin onírísí U tó de sípírínì mọ́ axle, bá dẹ̀, centre bolt yìí ni yóò máa ru gbogbo agbára náà títí yóò fi já, axle á yẹ̀ sẹ́yìn lápá kan, ọkọ̀ á wá máa rìn bí akàn. Ẹ wọ̀n láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn lápá méjèèjì, ẹ ó rí i. Ẹ má ṣe lo U-bolt àtijọ́ padà; ó ti nà. Ní ti ewé tó kán, àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń fẹ́ràn rẹ̀ nítorí irin rẹ̀ dára fún àdá àti ọkọ́. Ẹ tà á fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀ fún ọkọ̀ yín, torí bí iná àgbẹ̀dẹ bá ti wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ láti ta padà ti lọ.

Àwọn kan á ní ká kúkú fi ewé kún un kó lè ru ẹrù sí i. Mi ò fara mọ́ ọn. Àpò kòkó 16 tó wọn kílò 64 lọ́kọ̀ọ̀kan ti kọjá tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn sì ti tó gbogbo ohun tí wọ́n ṣe Hilux láti rù. Sípírínì tó bá le jù kò ní gba agbára kòtò mọ́ra mọ́, ó kàn máa tì í sókè sára ṣasí, ibi tí wọ́n so etí sípírínì mọ́ ni yóò sì sán.

Bí ṣasí bá ti sán, wẹ́dà ló kàn, ẹ dúró tì í. Kó tú orí bátìrì méjèèjì àti okùn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kó jìnnà sí táǹkì epo àti páìpù bíréèkì. Kó lu ihò kékeré sí òpin ibi tó sán kó má bàa sáré lọ síwájú, kó gbẹ́ ojú rẹ̀ kí iná lè wọlé dáadáa. Bó bá fẹ́ lẹ irin mọ́ ọn, kó gé etí irin náà ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ìlà jíjó tó bá lọ tààrà láti òkè ṣasí dé ìsàlẹ̀ ni ṣasí á tún tẹ̀ lé sán, torí ooru ti sọ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di aláìlágbára. Kó má sì lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ irin gígùn yẹn. Ibẹ̀ ni ẹrù ń fà jù.

Ẹ má gbàgbé àwọn nǹkan kéékèèké. Páìpù bíréèkì tó bá tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà àti kílíìpù so ó. Rọ́bà tín-ín-rín tí gíá ẹ̀yìn (diff, èyí tó wà láàárín axle ẹ̀yìn) fi ń mí, bí òkúta bá fún un pa, ọ́ìlì á máa jò lójú seal, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ẹ ó máa pààrọ̀ seal lásán. Bó bá sì já, tí gíá tó gbóná wọ inú odò, omi ni yóò fà sínú. Ọ́ìlì tó bá funfun ni àmì rẹ̀. Irin ààbò abẹ́ ẹ́ńjìnnì tó bá ti wọnú, ẹ tú u, ẹ nà án kó má bàa fara kan oil sump, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ sì kó gbogbo ewé gbígbẹ tó wà lórí rẹ̀ kúrò nítorí iná.

Fún ẹni tó fẹ́ ra Tacoma tòkúnbọ̀, pick-up Toyota tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ́ àpáta nìkan kọ́ ni kí ẹ wò. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín l'Amẹ́ríkà máa ń jẹ ṣasí láti inú wá. Ní 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè lórí ṣasí tó dípẹtà: Tacoma 2005 sí 2010, Tundra 2007 àti 2008, Sequoia 2005 sí 2008. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa gbá ṣasí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀ọ̀, ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n kùn lé e kò lè yí ohùn yẹn padà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ ṣe alignment. Lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́, kí ẹ tó kó ìkejì, ẹ padà sábẹ́ rẹ̀, ẹ tún U-bolt àti gbogbo bóòtì tí ẹ fọwọ́ kàn fà, kí ẹ sì tún ojú ibi tí wẹ́dà ti ṣiṣẹ́ fọ̀, kí ẹ tan iná wò ó.